Ọmọ Tí Ó Ń Kàwé Nílé Nígbà Òtútù: Ta Ni Ń Ṣọ́ Ọ?

Ẹbí tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà kò pọ̀ mọ́ láàrin wa. Nígbà tí òtútù bá mú níbẹ̀, tí yìnyín sì bo ọ̀nà, a máa ń gbọ́ lórí fóònù pé, "Ilé ni àwọn ọmọ ti ń kàwé lónìí." Àwa tí a wà níbí á sì dáhùn pé, "Alihamdulilai, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òtútù." Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí títí di òní pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìlú New York ni àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Bronx. Ní oṣù March 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìlú náà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pa, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí kàwé lójú ẹ̀rọ láti ilé. Ìlú pín ẹ̀rọ iPad tí ó lé ní 300,000 fún àwọn ọmọ tí kò ní. Nígbà tí ó di September àti October, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá fẹ́ a lọ ní ọjọ́ mélòó kan nínú ọ̀sẹ̀, a sì jókòó sílé ní ọjọ́ yòókù.

Àṣé kò ní pẹ́. Ní 18 November, olórí ìlú náà nígbà náà, Bill de Blasio, kéde pé nínú àyẹ̀wò àrùn tí wọ́n ń ṣe, ó ti di mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ń fi àrùn hàn. Nítorí náà kí wọ́n tún ti ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ kéékèèké padà ní 7 December. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà, keje àti kẹjọ kò bá wọn padà. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 ni wọ̀nyí, tí wọ́n kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sì tíì dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó di 25 February 2021 kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn. Ẹ kà á wò: ọ̀sẹ̀ 14 gbáko ni, bí a bá ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn, ní àárín ọ̀gìnnìtìn gan-an.

Kí ni ó dé tí ọmọ ọjọ́ orí yìí fi ṣòro ju àbúrò rẹ̀ lọ? Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tísà kan náà ni ó ń rí ọmọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ọmọ bá gbé ojú sókè bí ẹni tí kò sùn, tísà á mọ̀. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì kẹfà sókè, tísà ìṣirò yàtọ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, ti sáyẹ́ǹsì yàtọ̀. Ọmọ kan lè ní tísà márùn-ún tàbí mẹ́fà, olúkúlùkù sì ń rò pé lọ́dọ̀ òun nìkan ni ọmọ náà ti ń ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí ó bá sì jẹ́ inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń pàdé rẹ̀, tí ọmọ sì ti pa ojú kámẹ́rà rẹ̀ dé, kò sí ẹnì kan lára wọn tí ó rí ọjọ́ rẹ̀ tán. Ẹni tí ó lè rí i tán ni ẹni tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé.

Ìyàwó àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọkọ rẹ̀ ń wa takisí láti àárọ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà, kíláàsì keje ni ó wà. Ní oṣù December ìyàwó náà pè mí, ó ní, "Bàbá wa, ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọmọ yìí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, oorun á gbé mi lọ. N kò mọ ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo dá a lóhùn pé, "Ìyàwó wa, ṣebí ẹ̀rọ wà níwájú rẹ̀? Ṣebí ó ń jẹ́ orúkọ láràárọ̀? Ẹ fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀." Èmi tí mo ti ilé-kéwú lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo dúró níbẹ̀, tí n kò fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí nígbà ọmọdé mi, ni mo ń gba ìyá ọmọ ní ìmọ̀ràn lórí ohun tí n kò mọ̀.

Ní ìparí oṣù January, tísà ìṣirò pè wọ́n. Iṣẹ́ tí ọmọ náà kò ṣe ti tó ọgbọ̀n. Láràárọ̀ ni ó ń tẹ ẹ̀rọ pé òun ti dé, á sì padà sí orí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ mìíràn á máa ta géèmù lórí fóònù nígbà tí tísà ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ nà án. Ìyá ní kí ó kọ́kọ́ béèrè. Nígbà náà ni ọmọ sọkún, tí ó sọ pé ní oṣù November ọjọ́ kan wà tí ìṣirò dà rú mọ́ òun lójú, ojú sì ti òun láti béèrè kí gbogbo kíláàsì má baà gbọ́ ohùn òun. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì gun orí ti àná, ti ọ̀tunla gun orí ti ọ̀la, títí òun kò fi mọ ibi tí òun lè dì mú mọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yìí kà. Ìtìjú ni a ń pè ní oríkunkun.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé tábìlì ọmọ kúrò ní yàrá, wọ́n gbé e sí pálọ̀, kí ẹni tí ó bá ń kọjá lọ sí ilé ìdáná lè rí ojú ẹ̀rọ náà. Fóònù rẹ̀ di ohun tí ìyá ń gbà títí kíláàsì yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, ìyá kọ ìwé sí ilé-ẹ̀kọ́, ó bẹ tísà. Tísà ìṣirò náà ṣe èèyàn: nínú iṣẹ́ ọgbọ̀n, ó mú mẹ́jọ tí ó jẹ́ gbòǹgbò, ó ní kí ọmọ fi ìwọ̀nyí bẹ̀rẹ̀.

Ní alaalẹ́, kí ìyá tó jáde lọ sí iṣẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ ṣí Google Classroom fún un. Ibẹ̀ ni àwọn tísà ń kó iṣẹ́ sí, iṣẹ́ tí ọmọ kò bá sì fi ránṣẹ́ nígbà tí ó yẹ, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sí i lára pé kò sí. Ìyá kò mọ ìṣirò kíláàsì keje. Ṣùgbọ́n ó mọ kíkà, ó lè ka iye iṣẹ́ tí ó kù: méje, mẹ́fà, márùn-ún. Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè béèrè ògbufọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà láìsan owó, ti Yorùbá náà sì wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀ fún un!

Ìrun ni ó tún ọjọ́ ọmọ náà tò. Ní New York nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ títí agogo méje á fi kọjá, nítorí náà ẹni tí ó bá kí Àsùbáà lásìkò ti jí dáadáa ṣáájú kíláàsì agogo mẹ́jọ. Ìrun Àìlà bọ́ sí nǹkan bí agogo méjìlá, Alásárì kò jìnnà sí agogo méjì ààbọ̀, nígbà tí ó bá sì di agogo márùn-ún ní December, a ti kí Màgàríbì. Nígbà tí ọmọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àárín kíláàsì ni ìrun ọ̀sán máa ń bá a. Nílé, kò sí àwáwí. Ó ń dìde, ó ń fi omi ṣe àlùwàlá, ojú rẹ̀ ń kúrò lára ẹ̀rọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa, ìyá àgbà ọmọ náà, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, di tísà. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ti New York nígbà òtútù jẹ́ agogo méjì ọ̀sán níbí. Bí ìyá bá ti kí Àìlà tán, yóò ní kí n pe ọmọ náà lórí WhatsApp kí òun rí ojú rẹ̀. "Ṣé o ti bọ́jú? Kí ni wọ́n kọ́ ọ lánàá?" Ọmọ gbọ́dọ̀ fi Yorùbá ṣàlàyé. Ọjọ́ kan ó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní ìdá fún un. Ìyá ní, "Àṣé bí a ti ń pín ogún ni." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní láti ìgbà náà ni ó ti yé òun.

Ọ̀rọ̀ ilé tútù náà wà níbẹ̀, nítorí ọmọ tí ìka rẹ̀ ti kú kò lè kọ nǹkan kan. Òfin ìlú New York ni pé láti 1 October títí di 31 May, onílé gbọ́dọ̀ mú ilé móoru. Láti agogo mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, bí ìta bá tutù ju ìwọ̀n 55 ti Fahrenheit lọ, inú ilé kò gbọ́dọ̀ dín ní 68, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 20 ti Celsius. Ẹni tí onílé rẹ̀ bá kọ̀, kí ó pe 311. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa máa ń fara da òtútù nítorí pé wọn kò fẹ́ wàhálà, wọ́n á sì tan iná ìdáná láti fi yá gbogbo ilé, èyí tí ó léwu púpọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrùn nìkan mọ́. Ní 13 February 2024, nígbà tí yìnyín ń rọ̀, ìlú náà ti ilé-ẹ̀kọ́, ó ní kí gbogbo ọmọ kàwé nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí ọ̀nà wọlé sórí ẹ̀rọ, nítorí èrò pọ̀ jù. Kí òbí máa kọ nọ́ńbà fóònù ilé-ẹ̀kọ́ sí ara ògiri, kí ìwé kíkà kan sì wà nílé tí kì í fẹ́ iná.

Ní 25 February 2021 ọmọ wa padà sí kíláàsì. Iṣẹ́ méjì ni ó kù lọ́rùn rẹ̀. Ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá kí Àìlà tán, ó ní kí n pe ọmọ òun. Mo ṣe àlàyé títí, kò gbà. Mo pè é. Fóònù dún nínú báàgì rẹ̀ láàrin kíláàsì. Ní alẹ́, ìyàwó wa pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá wa, ẹ dákun, ẹ bá wa bẹ Ìyá, kí wọ́n dá ìpè wọn dúró di àṣálẹ́. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn."