Òùngbẹ Ló Ń Pa Wọ́n: Erùpẹ̀ Funfun Tó Ń Ṣọ́ Àgbàdo

Ní 2015, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń wá láti Nàìjíríà. Kí ló fà á? Wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀, oró tí wọ́n fi ń ṣe oògùn apakòkòrò. Ìbéèrè tèmi ni pé: ẹ̀wà tí kò kúrò nílé ńkọ́? Ta ló ń jẹ ẹ́?

Mi ò dá ẹni tó ń tọ́jú oúnjẹ lẹ́bi tán o. Láàárín oṣù díẹ̀, kòkòrò lè jẹ àpò àgbàdo kan di ìyẹ̀fun, kí owó àgbẹ̀ sì bá a lọ. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà, inú ilẹ̀ la sì ti ń wa á.

Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín kan wà nínú omi tí ojú lásán ò lè rí. Diatom lorúkọ wọn. Silica ni wọ́n fi ṣe ìkarahun ara wọn, ohun kan náà tó pọ̀ jù nínú gíláàsì. Bí wọ́n bá kú, ìkarahun yẹn á rì sí ìsàlẹ̀ adágún, á máa gorí ara wọn. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bí adágún náà bá gbẹ, ohun tó kù ni erùpẹ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní diatomite. Ó wà ní Nàìjíríà níbí, ní Bularafa, ìpínlẹ̀ Yobe.

Báwo ló ṣe ń pa kòkòrò? Kì í ṣe bíi májèlé rárá. Omi tó wà lára kòkòrò ò tó nǹkan, ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo awọ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi náà gbẹ. Bó ṣe ń rìn láàárín hóró àgbàdo, erùpẹ̀ yìí á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á fa ìda náà mu, á sì ha awọ rẹ̀. Omi ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa tó ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì, òùngbẹ á ti pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí eérú tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń dà sí ẹ̀wà. Ní Ìlọrin, NSPRI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ìpamọ́ oúnjẹ, ti fi diatomite ṣe NSPRIDUST fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

- Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa á sọ ọ́ di aláìlágbára.
- Ẹ tètè pò ó. Kò lè dé ọ̀dọ̀ ìdin tó ti wà nínú hóró.
- Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tó jẹ́ gíráàmù kan sí kílò oúnjẹ kan wọ́pọ̀, ìyẹn 100 gíráàmù fún àpò 100 kílò.
- Ẹ bo imú bẹ́ ẹ bá ń pò ó, eruku rẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì lo irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Iná ti yí ìyẹn padà, ó léwu jù.
- Ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì fọ oúnjẹ náà kẹ́ ẹ tó sè é.

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá lọ ra ẹ̀wà, ẹ bi ẹni tó ń tà á: "Kí lẹ fi pa á mọ́?" Bí ọ̀pọ̀ wa bá ń béèrè, àwọn ọlọ́jà náà á máa wá èyí tí kò ní pa wá.