Ìdíwọ̀n Èròjà Ilẹ̀ nínú Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ìfáárà
Ọ̀rọ̀ Hausa ni Sábọ̀n Gàrí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'ìlú titun'. Àdúgbò àwọn Hausa ni Sábó ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní Kánò, ibùgbé àwọn àlejò láti ìhà gúsù, Yorùbá àti Igbo pàápàá, ni Sábọ̀n Gàrí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1910, lẹ́yìn tí ojú irin ti dé ìlú náà ní 1911. Kò sí pápá níbẹ̀ tí ẹran ti lè jẹ káàkiri. Ẹni tí ó bá ń bọ́ àgbò Iléyá ní àgbàlá níláti ra oúnjẹ fún un: pòròpórò ọkà bàbà, ìtàkùn ẹ̀wà àti ti ẹ̀pà tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, èèrí ọkà tí wọ́n ń pè ní dusa, àti káún. Kí ni ó wà nínú ohun tí olùsìn ń rà wọ̀nyí?

Iṣẹ́ Èròjà Ilẹ̀
Èròjà ilẹ̀ ni ohun tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀, tí iná kò lè jó tán, tí ó sì ń ṣẹ́kù sínú eérú. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní ń kọ́ egungun. Sódíọ̀mù ní ń ṣètò omi ara. Kíún ni ara ń fẹ́ nínú bàbà, síńkì àti kóbáọ̀tì, ṣùgbọ́n kíún náà kò ṣeé fojú fò. Kóbáọ̀tì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ fi ń ṣẹ̀dá fítámì B12. Ní Ọsirélíà, ìwádìí àwọn ọdún 1930 fi hàn pé àìtó rẹ̀ ní ń mú kí àgùntàn máa rù lórí pápá tí koríko pọ̀ sí.

Ọ̀nà Ìdíwọ̀n
Ojú lásán kò lè rí èyí. Àwọn onímọ̀ a máa bu díẹ̀díẹ̀ láti inú ọ̀pọ̀ ìdì, nítorí ìdì kan ṣoṣo kò lè ṣojú fún gbogbo ẹrù. Wọn a gbọn erùpẹ̀ kúrò, kí ó má baà jẹ́ kí irin inú oúnjẹ náà dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù. Wọn a mú un gbẹ ní ìwọ̀n ooru 60 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì sun ún di eérú ní 550. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ásíìdì yọ́ eérú náà, ẹ̀rọ tí ń wo bí átọ́ọ̀mù ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mu, èyí tí Alan Walsh ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ ní 1955, ni wọ́n fi ń wọn kálísíọ̀mù, bàbà àti síńkì. Eérú púpọ̀ kò fi dandan túmọ̀ sí oúnjẹ rere: sílíkà, tí kò ṣe ẹran lóore púpọ̀, lè pọ̀ nínú eérú pòròpórò.

Ìbáramu àti Ewu
Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Yàtọ̀ sí iye, ìbáramu ṣe pàtàkì: ó yẹ kí kálísíọ̀mù tó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tàbí kí ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú dusa, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan; ìdàkejì rẹ̀ ni harawa. Bí dusa bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ àgbò, òkúta kéékèèké lè dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ẹran náà yóò máa tiraka láti tọ̀. Bí ìtọ́jú kò bá tètè dé, ó lè kú kí Iléyá tó kò, kí owó olówó sì wọmi.

Fún àpẹẹrẹ, bí kílò kan dusa bá ní gíráàmù 10 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti gíráàmù 1 kálísíọ̀mù, tí kílò kan harawa sì ní gíráàmù 2 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti gíráàmù 12 kálísíọ̀mù, kílò méjì harawa pẹ̀lú kílò kan dusa yóò fúnni ní gíráàmù 25 kálísíọ̀mù sí gíráàmù 14 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ìyẹn bójú mu. Sódíọ̀mù ni káún ń fúnni jù. Kò lè dí àlàfo yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí olùsìn máa fi bàbà kún oúnjẹ àgùntàn láìṣe àyẹ̀wò, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa pa á.

Ìgúnlẹ̀
Ìdíwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwé gíga nìkan. Olùsìn tí kò lágbára àyẹ̀wò lè fi harawa ṣe ìpìlẹ̀ oúnjẹ, kí ó fi dusa ṣe àfikún, kí omi mímọ́ má sì wọ́n àgbò rẹ̀ nígbà kankan.