Ṣé o mọ̀? Léésà lè gba ojú là lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ

• Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran. Àtọ̀gbẹ lè mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára hù síbẹ̀, kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú ojú.

• Oòrùn ló ṣáájú léésà (ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ alágbára) nínú ìtọ́jú ojú. Dókítà Gerd Meyer-Schwickerath ní Jámánì rí bí oòrùn ṣe jó rẹ́tínà ẹni tó tẹjú mọ́ ọn nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní 1945. Ló bá ronú pé irú jíjó bẹ́ẹ̀ lè ṣe ìtọ́jú, ó sì ń fi ìtànṣán oòrùn tọ́jú rẹ́tínà aláìsàn. Ọdún 1960 ni léésà dé.

• Bí o bá lọ gba ìtọ́jú léésà, àwọn dókítà á kán oògùn tí kì í jẹ́ kó dunni sójú rẹ, wà á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, léésà á sì máa ta wàì, wàì. Ojú kan lè gba ìtànṣán tó 1,200 sí 1,600. Wọ́n á yẹra fún àárín gbùngbùn rẹ́tínà, torí ibẹ̀ la fi ń kàwé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wà á padà sílé.

• Ìríran tó ṣẹ́ kù ni léésà ń dá sí. Kì í sábà dá èyí tó ti lọ padà. Bí o bá ní àtọ̀gbẹ, jọ̀wọ́, lọ yẹ ojú wò lọ́dọọdún, bí o tilẹ̀ ń ríran kedere.