Ìtumọ̀ Àwòrán Ojú Ọmọdé: Àpẹẹrẹ Iṣẹ́ Dürer

Jíjọra nìkan kọ́ ni à ń wò nínú àwòrán ojú ènìyàn. À ń wo ohun tí ojú náà ń sọ pẹ̀lú. Níhìn-ín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti sábà máa ń kánjú. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé, kí a tó sọ pé inú ọmọ kan bàjẹ́ nínú àwòrán, ó yẹ kí a wádìí bí a ṣe yà á.

Ní ọdún 1484, Albrecht Dürer, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, ya àwòrán ara rẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 13 lọ. Àwòrán náà wà ní ilé ọnà Albertina ní ìlú Vienna. Ọmọ náà dé fìlà, irun rẹ̀ gùn, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì na ìka ìfábẹ̀lá sí ohun tí a kò rí. Ojú rẹ̀ kò wò wá.

Ṣé ìtìjú ni? Ṣé ìbànújẹ́ ni? Dürer fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí àwòrán náà nígbà tí ó dàgbà pé jígí ni òun wò yà á, nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọdé. Ẹni tí ó bá ń wo ojú ara rẹ̀ nínú jígí, ojú inú jígí náà yóò máa wò ó padà ni. Láti ya ojú tí ó kọ ẹ̀gbẹ́ nípa bẹ́ẹ̀ kò rọrùn rárá. Ó ṣeé ṣe kí ìṣòro iṣẹ́ ló fa ìwò yẹn, kí ó má jẹ́ ìtìjú. Ọwọ́ kejì fara pamọ́ sínú apá ẹ̀wù. Kò yani lẹ́nu: ọwọ́ tí ń yàwòrán kò ráyè dúró kí a yà á.

Irinṣẹ́ tún ńkọ́? Fàdákà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni ó lò, lórí tákàdá tí a ti kun lóhun tí yóò jẹ́ kí fàdákà fa ìlà. Ìlà bẹ́ẹ̀ kì í dúdú bí ti èédú, bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó, ó sì ṣòro láti pa rẹ́. Fún ìdí èyí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí à ń rí lójú ọmọ náà, apá kan rẹ̀ ti ọwọ́ fàdákà wá. Ní tèmi, ohun tí ó ṣẹ́kù tí a lè pè ní ti ọmọ náà gan-an ni ìfarabalẹ̀: ẹ wo ẹnu tí ó pa dé, ẹ wo bí ó ṣe fi sùúrù to ìlà mọ́ ìlà níbi tí aṣọ ti kájọ ní apá.

Olùkọ́ tí ó bá rí ojú dúdú kirikiri nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ránṣẹ́ pe òbí pé ọmọ ń jìyà nílé, lè dá ìjà sílẹ̀ nítorí èédú lásán. Èyí kò ní kí a má fura. Bí àwòrán púpọ̀ àti ìṣesí ọmọ náà bá jọ ń tọ́ka síbì kan, kí olùkọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó bi í pé ta ni ó yà, kí ni ó fi yà á, kí ni ẹni náà ń ṣe, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán.