Súwíìṣì Ara Ògiri Ni Ọ̀gá Gílóòbù

Bí ẹ bá fi fóònù pa gílóòbù smart, iná ojú rẹ̀ nìkan ló kú. Etí rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó ti wọnú hódà, pátákó kékeré kan wà tó gbé rédíò, kọ̀ǹpútà bíńtín àti ẹ̀yà tó ń sọ iná 230 fóòtì di ìwọ̀nba tí LED lè gbà. Rédíò yẹn ló ń fetí sí Wi-Fi ilé, tàbí sí ìgbì rédíò mìíràn tó ń jẹ́ Zigbee bó bá jẹ́ irú Philips Hue, èyí tó jáde ní 2012 tó sì sọ gílóòbù báyìí di ohun tí ayé mọ̀. Bí ẹ bá ní kí iná rọ̀, kọ̀ǹpútà náà á máa tan LED, á máa pa á, lọ́nà tó yá débi pé ojú kò lè rí pípa náà. Ìmọ́lẹ̀ tó dín kù nìkan lojú ń rí. Bó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ fẹ́, á po ìmọ́lẹ̀ LED pupa, aláwọ̀ ewé àti aláró pọ̀ títí yóò fi bá ohun tẹ́ ẹ yàn mu.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ wá fún gbogbo iṣẹ́ yìí: kí iná má kúrò ní hódà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ilé wo ni wọn kì í ti í bá ọmọ wí pé kó paná kó tó jáde ní yàrá? Màmá tó wá kí yín láti Ìsẹ́yìn kò ní wá fóònù kankan kí wọ́n tó nawọ́ sára ògiri. Bí wọ́n bá ti tẹ súwíìṣì yẹn pa, rédíò kú, kọ̀ǹpútà kú, gílóòbù olówó gọbọi yín kò yàtọ̀ sí èyí tó ti jó.

Ti Nẹ́pà tún wá le ju ti màmá lọ. Láti 2013 ni wọ́n ti pín iṣẹ́ náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ apínná, ṣùgbọ́n Nẹ́pà náà là ń pè é. Iná lọ lálẹ́, ó dé ní aago méjì òru, gbogbo gílóòbù yàrá sì tàn wàì lójú ọmọdé. Kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́. Ẹni tó ṣe wọ́n gbà pé bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí hódà, ẹnìkan ló tẹ súwíìṣì, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń wá. Nínú áàpù ọ̀pọ̀ wọn, ẹ lè yí èyí padà pé kó padà sí bó ṣe wà kí iná tó lọ, ẹ kàn ní láti wá ibẹ̀ rí. Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni pé ọ̀pọ̀ gílóòbù Wi-Fi ni wọ́n ṣe pé, bí ẹ bá tàn wọ́n pa wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, wọn á gbàgbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn, wọn á máa ṣẹ́jú, wọn á máa dúró de ẹni tí yóò tún wọn so mọ́ Wi-Fi. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe nígbà tí òjò bá ń ṣú: ó wá, ó lọ, ó wá, ó lọ. Nẹ́pà á ti bá yín tẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gba onílé nímọ̀ràn pé kó fi ọgbọ́n sínú ògiri, kó fi gílóòbù lásán sí òkè. Súwíìṣì smart ní rédíò tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro: wáyà tí a wé kiri di mágínẹ́ẹ̀tì nígbà tí iná bá wọ̀ ọ́, ó fa ahọ́n irin kékeré kan, irin pàdé irin, iná kọjá. Ohùn "tá" tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fi fóònù tẹ̀ ẹ́ rí iná, ẹni tó fi ìka tẹ̀ ẹ́ náà rí iná, bí dátà bá tiẹ̀ ti tán. Súwíìṣì kan sì lè darí iná mẹ́fà inú POP pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní ẹnu tí ẹ lè ti gílóòbù mìíràn bọ̀.

Kí ẹ tó lọ sí ọjà Alábà lọ rà á, ẹ jẹ́ kí oníwáyà wo inú ògiri ná. Wáyà méjì péré ni súwíìṣì lásán ń fẹ́: láìfù tó gbé iná dé, àti èyí tó ń gbé e lọ sí gílóòbù. Nútírà tí iná ń bá padà kì í sábà débẹ̀. Òkè àjà ló ń gbà láti hódà kan dé èkejì. Bí wọ́n ṣe ń fa wáyà ní ọ̀pọ̀ ilé wa nìyẹn, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíò inú súwíìṣì smart gbọ́dọ̀ máa jẹ iná kódà nígbà tí gílóòbù bá wà ní pípa, iná tó jẹ sì gbọ́dọ̀ rọ́nà padà. Àwọn kan wà tí kò fẹ́ nútírà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí iná díẹ̀díẹ̀ gba inú gílóòbù yín kọjá, LED tí wáàtì rẹ̀ kéré á sì máa ṣẹ́jú tàbí kó máa ràn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lóru. Wọ́n máa ń fi kapásítọ̀ kan sínú páálí rẹ̀ tí oníwáyà yóò so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ n kò ní rà á bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ni kó wá nǹkan ṣe kí wọ́n tó rẹ́ ògiri: kí nútírà dé gbogbo àpótí súwíìṣì, kí àpótí náà sì jìn dáadáa, torí súwíìṣì smart sanra ju lásán lọ.

Ayálégbé kò ní fọ́ ògiri onílé. Òun gan-an ló ni gílóòbù smart, pàápàá fún fìtílà ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí àlejò kì í fọwọ́ kàn, níbi tí àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ ti wúlò. Bó bá ń kó lọ, á tú u lọ. Kó ṣáà wo ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó sanwó: B22 ni onípìn-ín, E27 ni onísíkúrù. Kó má sì tì í bọ hódà tí súwíìṣì smart ń darí, nítorí èyí ara ògiri á kàn máa pa èyí òkè létí ni.

Gílóòbù smart àti súwíìṣì smart, àwọn méjèèjì ń jẹ iná bí wọn kò bá tiẹ̀ tàn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò fún gílóòbù láyè ju 0.5 wáàtì lọ nígbà tó bá ń dúró de àṣẹ. Ẹ jẹ́ ká ní mẹ́wàá irú rẹ̀ wà nílé: wáàtì 5 ni, 120 wáàtì-wákàtí láàárín ọjọ́ kan. Bátìrì inífátà olómi ti 12 fóòtì, 200 Ah, gba nǹkan bí 2,400 wáàtì-wákàtí, a kì í sì í lò ju ìlàjì rẹ̀ lọ kó má baà tètè kú. Bí Nẹ́pà bá fi odindi ọjọ́ kan sùn, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tẹ́ ẹ lè lò á ti lọ sọ́dọ̀ gílóòbù tí kò tàn. Ráútà Wi-Fi náà gbọ́dọ̀ wà lórí inífátà yẹn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò gbé àṣẹ fóònù yín lọ.

Lọ́jọ́ tí oníwáyà bá wá, kó pa Nẹ́pà, kó pa inífátà náà. Bí ó bá pa Nẹ́pà nìkan, inífátà á rò pé iná ló lọ, á sì rán tirẹ̀ sínú wáyà kí ọwọ́ oníwáyà tó kúrò níbẹ̀. Kó fi tẹ́sítà kan gbogbo wáyà kó tó tú ìṣó kankan.