Abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà

Abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà ni ẹ̀yà tí ó ń yí lórí ọkọ̀ òfurufú náà, tí ó sì ń gbé e ró nínú afẹ́fẹ́. Ó máa ń ní apá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Ìpàpó ní Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ yìí fi ń gbé ọkọ̀ sókè lè di ewu nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ balẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Apá kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ bí ìyẹ́ bàálù. Bí ó ti ń yí, ó ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti òun sókè. Bí atukọ̀ bá gbé iwájú àwọn apá náà sókè díẹ̀, agbára ìgbésókè yóò pọ̀ sí i. Bí ó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní lè tẹ̀ lé ara apá náà mọ́, agbára náà yóò sì já.

Abẹ̀bẹ̀ tí ó fẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tí èyí tí ó kéré ní láti ti ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ pẹ̀lú eré kí ó tó lè gbé ẹrù kan náà. Èyí tí ó fẹ̀ kì í gba agbára ẹ́ńjìnnì tó èkejì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì ń ṣe làálàá lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn ju òwúrọ̀ kùtù lọ.

Eruku ilẹ̀ ọ̀dàn

Abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà AW139 ní apá márùn-ún, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 13.8. Bí ọkọ̀ náà bá wọn kìlógíráàmù 6,400, tí ó sì dúró lójú kan lófurufú, ìṣirò fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń gba inú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá kan ilẹ̀, yóò tàn káàkiri, yóò gbé eruku dìde, abẹ̀bẹ̀ yóò sì tún fa eruku náà wálẹ̀ láti òkè. Atukọ̀ kò ní rí ilẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2019, irú ọkọ̀ yìí, tí ó gbé Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, Igbákejì Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, já lulẹ̀ bí ó ti fẹ́ balẹ̀ ní Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi. Gbogbo ènìyàn 12 tí ó wà nínú rẹ̀ ló yè. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé eruku ló bo atukọ̀ lójú.

Ìdènà

Pápá tí koríko bò ní ìgbà òjò lè di eruku nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a wọ́n omi sí ilẹ̀ dáadáa kí ọkọ̀ tó dé, tàbí kí a yan ibi tí a fi kọnkéré tẹ́. Atukọ̀ pẹ̀lú ní láti gòkè padà bí ojú ilẹ̀ bá pòórá.