Bí A Ṣe Ń Dá Ìbọn Ọdẹ Alábẹ́rẹ́ ti Jámánì Mọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí ẹ ń ṣọdẹ mọ ṣakabùlà dáadáa: láti ẹnu ni a ti ń ki ẹtù àti ọta sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn ti rí ní Jámánì kí Johann Nikolaus Dreyse, ọmọ alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ ní ìlú Sömmerda, tó ṣe ìbọn tí à ń ti ìdí kì ní 1836. Ìjọba Prussia gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọdẹ náà ní irú tiwọn, èyí tí a fẹ́ ṣàlàyé.

Abẹ́rẹ́ ni ó mú un yàtọ̀. Bébà ni wọ́n fi ń di ẹtù àti ọta pọ̀. Nínú ti ológun Dreyse, ohun tó ń ta iná kò sí ní ìdí bébà náà. Iwájú ẹtù ló wà, lẹ́yìn ọta gan-an. Abẹ́rẹ́ irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ní láti gún bébà, kí ó la ẹtù já, kí ó tó kàn án. Àárín iná ni abẹ́rẹ́ yìí ń wà, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń jó tó sì ń kán, tí ọmọ ogun fi ń gbé òmíràn dání.

Bí ẹ bá rí ìbọn àtijọ́ tí kò ní òòlù lẹ́yìn, ẹ má tíì sọ pé alábẹ́rẹ́ ni, nítorí àwọn ìbọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní òòlù lóde pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdí rẹ̀, kí ẹ wo irin tó ń yọ jáde: bí ó bá kúrú tó sì kúnjú, kì í ṣe abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ti tún àwọn mìíràn ṣe fún kátíríìjì tuntun.

Ó wá ku ẹni tó ṣe é. Franz, ọmọ Dreyse, ni a mọ̀ jù fún ti ọdẹ. Nínú tirẹ̀, bí a bá yí ọwọ́ irin tó wà lábẹ́, ọ̀pá ìbọn yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá “v. Dreyse” àti Sömmerda lára rẹ̀. Ọdún 1864 ni ọba fi ìdílé náà joyè, ibẹ̀ ni “v.” ti wọlé; ìbọn tó ní in kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Teschner ni orúkọ kejì, Collath ló sì gba ilé iṣẹ́ rẹ̀. Frankfurt tiwọn ni ti etí odò Oder, kì í ṣe ìlú ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Collath tún ṣe ìbọn tí kò ní abẹ́rẹ́, nítorí náà orúkọ nìkan kò tó. Orúkọ Dreyse pàápàá wà lára ìbọn ìléwọ́ ti 1907, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Òfin tó ní kí ìjọba máa dán ìbọn wò bẹ̀rẹ̀ ní 1893, tí lẹ́tà àti adé fi ń wà lára wọn. Bí ìbọn kò bá ní in, ẹ má pè é ní ayédèrú. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà ṣáájú òfin.

Ẹ má fi ayùn tàbí bébà ìdán họ ìpẹtà rẹ̀, ẹ ó pa orúkọ rẹ́. Ẹ má sì yìn ín: ìdí rẹ̀ ń jò iná láti ìgbà tó ti wà ní tuntun, ẹtù òde òní sì le jù fún irin rẹ̀.